Ohùn Tí A Ò Gbọdọ̀ Dá Lóhùn

Ohùn ìyá bàbá mi ni ó máa ń jí ilé wa ní Arakale, ní ìlú Àkúrẹ́. Kí àwọn àkùkọ tó gba ohùn lẹ́nu ara wọn, kí àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí tó kírun tán lẹ́yìn ọgbà, ohùn náà á ti jáde láti iyàrá ẹ̀yìn, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí kò ní fèrèsé kọjá, á sì máa yà sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: “Akin! Ṣé o ti jí? Ìbídùn, ọmọ mi, ulẹ̀ ti mọ́ o!” Akin ni bàbá mi, ọkùnrin tí ó ń wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, tí àwọn akọ̀wé ń dìde kí. Ṣùgbọ́n bí ohùn yẹn bá ti pè é, ìdáhùn rẹ̀ á jáde kíákíá bí ti ọmọ ilé-ìwé: “Mà!” Èmi ni Ìbídùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé omi gbígbóná lọ sí ẹnu ọ̀nà iyàrá ẹ̀yìn, kí n sì gbé ìkòkò òru jáde. Bí mo ti ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo máa ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ Màámi lágbàlá, mo ń gbọ́ rédíò Bàámi, mo sì ń gbọ́ ìyá àgbà tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú iyàrá, tí á dákẹ́ díẹ̀, tí á tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń gbé iyàrá náà. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Adétutù, ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ibà líle kan tí ó mú gìrì dání ni ó mú un nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí ibà náà lọ, ó fi apá àti ẹsẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀ ní líle, wọn kò sì rọ̀ mọ́. Àgbà obìnrin ni ó ti jẹ́ nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, ó sì lẹ́wà: ojú rẹ̀ dàbí ti bàbá mi tí a bá yọ ìdààmú kúrò níbẹ̀. Kò lè jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan, kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Gbogbo ilé sì mọ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ó ti mọ̀ ọ́n. Ìró kan wà tí ó máa ń ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde, a sì gbà pé ìró lásán ni.

Ọ̀nà tí Ìyá Àgbà ń gbà tọ́jú rẹ̀ kò yí padà rí. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. “Tutù, mo fẹ́ yí ọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Omi yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbóná.” Lẹ́yìn náà, á dúró. Ìdúró yẹn ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá kò ní mọ ohun tí ó ń dúró dè. Agogo ilé-ìwé tí ó wà ní òpópónà kejì ni ó fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yí i, àti ìpè ìrun ọ̀sán, àti ìgbà tí oòrùn bá dé ojú fèrèsé. Á fi òrí pa ìbàdí rẹ̀ àti gìgísẹ̀ rẹ̀, ibi tí ara ti ń tẹ ibùsùn. Á fi ìka wá egungun inú ẹja títí kò fi ní sí ẹyọ kan, á rún iyán sínú ọbẹ̀ títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Bí Màámi bá sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́ nípa gbígbé Àǹtí dìde lójijì, á pariwo: “Rọra o! Àpò kòkó kọ́ nìyẹn. Sọ fún un ná!” Màámi á bojú wò mí, á fi ẹnu ṣe yẹ̀yẹ́. “Kí n sọ fún ta ni, Mà?” “Sọ fún ẹni tí o fẹ́ gbé.”

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà tí orúnkún tèmi náà kò gbọ́ tèmi mọ́. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n wà lókè òkun gba olùtọ́jú fún mi, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ní aṣọ funfun. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀, kì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, ó ti ẹ̀yìn mi wá, ó ki ọwọ́ bọ abíyá mi, ó gbé mi kúrò lórí àga nígbà tí fóònù wà létí rẹ̀ tí ó ń bá ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó dùn mí. Ó kàn dàbí ẹni pé mi ò sí nínú iyàrá náà ni, pé ara kan ni wọ́n ń kó láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ìgbà náà ni mo rántí Àǹtí Adétutù, ìrántí náà kò sì fi mí sílẹ̀ mọ́.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ni Ìyá Àgbà kú. Ó sùn, kò jí. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ohùn tí ó pè wá, gbogbo ilé sì pẹ́ lórí ibùsùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó jí Bàámi níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Ìyá Àgbà wà lórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, Àǹtí Adétutù sì wà lórí tirẹ̀, ó kọjú sí i, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà, mo rí i. Wọ́n wẹ òkú, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n gbé e jáde. Ẹkún pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tẹ̀ síbi ibùsùn kejì láti sọ pé, “Tutù, ìyá rẹ ti kú, a fẹ́ gbé e lọ.” Ẹni kan ṣoṣo tí ì bá sọ ọ́ ni wọ́n ń gbé lọ yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàámi ṣe ohun tí ọmọlúàbí yóò ṣe. Ó wá olùtọ́jú. Obìnrin kan láti Ìjù ni, opó tí a ń pè ní Ìyá Òjó, tí ó ń wọ ọkọ̀ wá lójoojúmọ́. Ó yára, ó sì mọ́ tónítóní. Á fi gèlè di imú, á wẹ Àǹtí bí ẹni ń fọ ìkòkò, á tú oúnjẹ sí i lẹ́nu, á nu gbogbo ilẹ̀, á pa ilẹ̀kùn dé, á sì padà sí oko rẹ̀. Kì í sọ ọ̀rọ̀ kan nínú iyàrá náà. Àwọn tí ó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ yìn ín, nítorí iyàrá náà ń rùn fún ọṣẹ àti ìzàl apakòkòrò, ó mọ́ ju bí ó ti mọ́ nígbà ayé ìyá àgbà lọ. Lẹ́yìn tí ó bá ti lọ, ilẹ̀kùn náà kì í ṣí mọ́ títí di ọjọ́ kejì. A kò sọ ìdí rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n: iyàrá òkú ni. Èmi gan-an, bí mo bá fẹ́ kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń sáré.

Ọ̀sán gangan ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, oòrùn rí bí owó bàbà àtijọ́, atẹ́gùn kò sì fẹ́ rárá. Èmi àti Màámi jókòó lágbàlá, à ń bó ẹ̀gúsí. Ìró èèpo rẹ̀ nìkan ni ó wà nílé. Ohùn ìyá àgbà sì jáde láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fà díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ni, kò sí àní-àní: “Ìbídùn, ọmọ mi! Ìbídùn o!”

Mo ti lanu láti dáhùn. Màámi ni ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ọwọ́ tí ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́. “Má dáhùn,” ó wí lẹ́nu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ṣé o gbọ́ mi? Má dáhùn!” Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa nígbà náà tí kò mọ òfin yẹn. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tí ó pè ọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ohùn ẹni tí ó ti kú, o kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti gbà láti bá a lọ. A jókòó síbẹ̀, a di ara wa mú, ohùn náà sì tún pè mí, ó tún pè mí, ó wá dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàámi fi Màámi ṣe ẹlẹ́yà. “Ìyàwó, o ti ń gbọ́ ohun tí etí kì í gbọ́. Ọ̀fọ̀ ni.” “Ẹ dúró ná, Bàbá Ìbídùn. Ẹ ó gbọ́ tiyín.” Ó gbọ́ tirẹ̀ lóòótọ́, kí ó tó bọ́ bàtà rẹ̀ tán: “Akin! Akin mi!” Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó ń pè é ní “Akin mi.” Mo rí bàbá mi tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu ara rẹ̀, nítorí pé ahọ́n rẹ̀ ti ń lọ sórí “Mà” tí ó ti ń jẹ́ láti kékeré. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ náà. Kò dáhùn.

Wọ́n pe àlùfáà ìjọ wa. Ó wá pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, wọ́n dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tí a pa dé. Ó gbàdúrà pé kí ọkàn ìránṣẹ́bìnrin Ọlọ́run sinmi, kí ó má ṣe yà sílé mọ́, kí ilẹ̀ kí ó gbà á. Bí ó ti parí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáhùn, ohùn ìyá àgbà jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Àmín o.” Mi ò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sá. Ohun tí mo rántí ni gèlè àwọn ìyá ìjọ nílẹ̀ àgbàlá, àti àlùfáà tí ó ti dé ojú títì kí ó tó rántí Bíbélì rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wí láti ojú títì pé, “Ó gba àdúrà náà, kí ni ẹ tún ń wá?” Kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Òjó gbọ́ ìtàn náà nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò wọlé. Ẹnu géètì ni ó dúró sí. “Ìyá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́. Èmi àti òkú ò lè jọ pín iṣẹ́ ṣe. Ẹ bá mi kó aṣọ iṣẹ́ mi jáde.” Láti ọjọ́ náà, Màámi ni ó ń wọlé sí Àǹtí Adétutù, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú orin ìjọ lẹ́nu kí ó má baà gbọ́ nǹkan kan. Á fún un ní ìwọ̀nba ògì, á pààrọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀, á sì sáré jáde. Orin náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wọn. Ohùn náà ń pè ní ọ̀sán, ó ń pè ní ìrọ̀lẹ́. Ó pè mí, ó pe Bàámi, ó ní, “Ẹ bá mi mú omi wá o.” Àwọn aládùúgbò sọ pé òùngbẹ ọ̀run ni ó ń gbẹ ẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó di ohun tí a ní láti dákẹ́ kí a tó gbọ́. Bàámi kúnlẹ̀ lórí àdúrà ìdílé, ó dúpẹ́ pé ìyá òun ti ń rí ìsinmi.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn kò kúrò létí mi títí di òní. Bí mo bá wà nìkan, tí iná mànàmáná lọ, tí gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, mo máa ń gbọ́ ọkùnrin rere kan tí ó ń dúpẹ́ pé omi tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń dín kù.

Àbúrò ìyá àgbà kan wà ní ìlú Oǹdó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mojísọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oǹdó. Oníṣòwò kòkó ni, ó sanra, ó fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rìn nílé, ó sì wọ bọ́ọ̀sì wá. Ó ju àpò rẹ̀ sórí àga. “Èwo ni mo ń gbọ́ yìí, Akin? Wọ́n ní ìyá rẹ ń pe gbogbo ènìyàn, kò sì tíì pe èmi?”

“Ìyá mi, ẹ má fi ṣeré. Ẹ dákun.”

“Ta ní ń ṣeré? Ó kú láìdágbére fún mi. Àlàyé ni mo wá gbà.” Ó ti fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ìpè náà dé, tínínrín, bí okùn tí ó kù díẹ̀ kí ó já: “Mojí… Mojí mi…”

Màámi di apá rẹ̀ mú. Bàámi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń mi orí. Màmá Oǹdó wò wọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ti lọ lójú rẹ̀. Ó wá di arúgbó lójijì. Ó ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀. Kò ku ẹnìkan láyé tí ó ń pè mí ní Mojí mọ́. Bí ó bá fẹ́ mú mi lọ, kí ó mú mi.” Ó sì gbé ohùn sókè, ohùn ọmọdébìnrin ni ó fi jẹ́ ẹ: “Mà! Mò ń bọ̀!” Màámi ké, ó wólẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ Màmá Oǹdó lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbọ́ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbà pé ó ti lọ. Mo ń dúró de ìgbà tí ara rẹ̀ á ṣubú.

Igbe rẹ̀ ni a gbọ́. “Akin! Omi! Ẹ gbé omi wá, ẹ̀yin ènìyàn yìí!” Ohùn alààyè ni, Bàámi sì sáré, èmi tẹ̀lé e. Màmá Oǹdó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó gbé orí Àǹtí Adétutù lé apá. Ètè Àǹtí ti là, ojú rẹ̀ ti wọnú. Egbò kan ti jẹ ìbàdí rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń fi òrí pa. Ó wo bàbá mi, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè sódò bí ẹni ń fa korobá láti inú kànga jíjìn, ó pẹ́, ó pẹ́ púpọ̀, kí ó tó jáde: “Akin mi. Omi.” Ohùn ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ohùn kan ṣoṣo tí ó ti bá a sọ̀rọ̀ láyé rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń dúró dè láàárọ̀. Bí àwa náà bá ti dúró rí, à bá ti gbọ́ ọ.

Bàámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Oǹdó kò bú u. Ó kàn bi í pé, “Ẹ̀rù ta ni ó bà ọ́ tó báyìí, Akin? Ìyá rẹ ni o.” Bí ó ti bi í yẹn burú ju èébú lọ.

Ó gbé Àǹtí lọ sí Oǹdó pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tọ́jú egbò náà nílé ìwòsàn, wọ́n sì padà sí ilé Màmá Oǹdó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti háyà iyàrá, tí alùpùpù àti àwọn tí ń gbé àpò kòkó kì í jẹ́ kí ojú títì dákẹ́. Nígbà ìsinmi ni wọ́n rán mi lọ kí Àǹtí. Wọ́n ti gbé ibùsùn rẹ̀ sí pálọ̀ níwájú, ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Bí ó bá pè, ẹnikẹ́ni tí ó bá súnmọ́ á dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ó máa ń wí pé, “Àǹtí ti pè mí o,” tí á sì jókòó dúró títí ọ̀rọ̀ kejì á fi jáde. Èmi nìkan ni ẹ̀rù ṣì ń bà. Bí ó ti ń pe “Ìbídùn, ọmọ mi,” mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo rí i tí ó ń pè, síbẹ̀ mo ń bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí ara Àǹtí yá, Màmá Oǹdó bi í léèrè níbo ni ó fẹ́ máa gbé. Bàámi wà níbẹ̀. Ó ti wá múra láti gbọ́ pé Oǹdó ni, mo sì rò pé ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ nìyẹn. Gbogbo wa dúró. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan fi wọlé láti ta kòkó, tí ó sì jáde. “Ulé mi,” ni Àǹtí wí. “L'Àkúrẹ́.”

Ó padà sọ́dọ̀ wa, Bàámi sì ní kí a ṣí ilẹ̀kùn iyàrá náà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Màámi ni ó gba iṣẹ́ náà. Ó kọ́ bí a ti ń yí i, ó kọ́ bí a ti ń wá egungun ẹja, ó sì ń sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kàn án, gẹ́gẹ́ bí Màmá Oǹdó ti pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ó ń tà ní Ọjà Ọba, ọkàn rẹ̀ kì í sì kúrò ní ìsọ̀. “Mo fẹ́ yí ọ. Kíá, kíá! Lanu. Tún lanu! Ṣé ibí ni mo máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?” Kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Oúnjẹ ń lọ, ara mọ́, egbò kò padà. Àǹtí Adétutù náà kò fi bẹ́ẹ̀ pè mọ́, a sì rò pé kò ṣaláìní nǹkan kan ni.

Ní ọ̀sán kan ní ìgbà òjò, Màámi jókòó níwájú mi lágbàlá, ó ń jọ gàrí. Mo ń wo ajọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀ tí ó pa dé. Ohùn Màámi fúnra rẹ̀ sì jáde láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Ìbídùn! Kíá! Kíá! Ṣé ibí ni mo máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?”

Ajọ̀ náà dúró. Màámi wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Ohùn náà tún dé, ó le, ó gbẹ, ó ń kánjú, kò sí “ọmọ mi” kankan nínú rẹ̀. “Ṣé bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?” ni ìyá mi bi mí. Mo kéré, mi ò mọ irọ́ tí ó yẹ kí n pa. Mo ní, “Ẹ̀yin ni, Mà.” Ó gbọn gàrí kúrò lọ́wọ́, ó dìde, ó ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ó tún gbìyànjú. Ó pẹ́ kí ó tó rí ohùn tí ó fẹ́ fi jẹ́ ẹ, nígbà tí ó sì jẹ́ ẹ, jẹ́jẹ́, láìkánjú, mi ò mọ ohùn náà. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.